Àtúntò tó kó ẹjọ́ wọlé: ìgbìmọ̀ mínísítà Japan ní oṣù kẹjọ ọdún 2022

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2022, Fumio Kishida tó jẹ́ olórí ìjọba Japan nígbà náà tún ìgbìmọ̀ mínísítà rẹ̀ tò. Nínú mínísítà 19, ó pààrọ̀ 14, ó fi 5 sílẹ̀ sípò wọn. Ìdí tó fi yára ṣe é kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ àjọṣe àwọn òṣèlú pẹ̀lú ìjọ Unification ti gba ẹnu gbogbo ìlú, ó sì fẹ́ kí ariwo náà rọlẹ̀ kí ilé aṣòfin tó padà jókòó. Kò rọlẹ̀. Oṣù méjì àti àbọ̀ lẹ́yìn náà ni mínísítà àkọ́kọ́ já bọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìjọ náà gan-an. Kí ọdún tó parí, mẹ́rin ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn mẹ́rin yìí. Ẹ̀bi tiwọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà yàn wọ́n ló yẹ kí ẹni tó ń ṣètò irú àtúntò báyìí tẹjú mọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀

Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2022, wọ́n yìnbọn pa Shinzo Abe níbi tó ti ń polongo ìbò nílùú Nara. Abe ti ṣe olórí ìjọba rí, òun ló sì ń darí agbo tó tóbi jù nínú LDP, ẹgbẹ́ òṣèlú Kishida tó ń ṣèjọba. Agbo ni àwùjọ àwọn aṣòfin tó ń ṣe pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, orúkọ olórí rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Ọkùnrin tí ọlọ́pàá mú sọ pé ìyá òun ti kó owó ilé fún ìjọ Unification títí ìdílé àwọn fi fọ́, àti pé òun gbà pé Abe ń ti ìjọ náà lẹ́yìn. South Korea ni Sun Myung Moon ti dá ìjọ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1954, ó sì pẹ́ tó ti fìdí múlẹ̀ ní Japan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Abe fi ọ̀rọ̀ ìkíni orí fídíò ránṣẹ́ sí ìpàdé kan tí ẹgbẹ́ tó so mọ́ ìjọ náà ṣe.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, LDP gba ìjókòó 63 nínú 125 tí wọ́n dìbò lé fún ilé ìgbìmọ̀ àgbà. Ìdìbò gbogbogbòò mìíràn kò pọn dandan títí di ọdún 2025. Lórí ìwé, kò sí ìgbà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún olórí ìjọba láti fara balẹ̀ yan ènìyàn.

Àmọ́ àwọn oníròyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpótí. Nobuo Kishi, mínísítà ètò ààbò tó tún jẹ́ àbúrò Abe, gbà pé àwọn ọmọ ìjọ náà ti bá òun ṣiṣẹ́ nígbà ìdìbò. Satoshi Ninoyu, tó ń darí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ọlọ́pàá, gbà pé wọ́n ti lo orúkọ òun gẹ́gẹ́ bí olórí ètò kan tó so mọ́ wọn. Àwọn mìíràn ti fi ìkíni ránṣẹ́, àwọn kan ti sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wọn. Nínú ìwádìí èrò aráàlú tí ilé iṣẹ́ ìròyìn Kyodo ṣe, àwọn tó fọwọ́ sí ìjọba já láti ìdá 63.2 nínú 100 sí ìdá 51 kí oṣù keje tó parí. Ìpinnu láti fi owó ìjọba sìnkú Abe dá kún un. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn bá a ṣe ń lọ, nítorí kì í ṣe gbogbo bí iye yẹn ṣe ń wálẹ̀ la lè kà sí àtúntò lọ́rùn.

Agbára inú ìwé àti agbára inú ẹgbẹ́

Abala 68 ìwé òfin Japan ní olórí ìjọba ló máa yan àwọn mínísítà, òun náà ló sì lè yọ wọ́n bó bá ṣe wù ú. Àwọn tó bá jẹ́ ọmọ ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ ju ìdajì wọn lọ, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ológun. Òfin kò béèrè ju ìyẹn lọ. Kò sí ẹni tó ń lọ tẹrí ba níwájú aṣòfin kó tó gbaṣẹ́, kò sì sí ìgbìmọ̀ kankan tó ń bi í ní ìbéèrè. Ọba Naruhito á jẹ́rìí sí ìyànsípò náà, ó parí. Nítorí náà, ohun tí ọ́fíìsì olórí ìjọba kò bá rí kí wọ́n tó yan ènìyàn, àwọn oníròyìn àti alátakò ló máa rí i lẹ́yìn tó bá ti dé orí àga.

Agbára olórí ìjọba kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Nígbà náà, agbo Abe ní ọmọ ilé aṣòfin tó tó 97. Agbo Motegi àti agbo Aso lé ní 50 lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbo Kishida fúnra rẹ̀ kò ju 40 àti díẹ̀ lọ, bíi ti Nikai. Ẹni tó wá láti irú agbo kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè dá ṣe é. Agbo kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ lọ́wọ́: àwọn tí wọ́n ti dìbò yàn sí ilé aṣojú lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, tàbí sí ilé àgbà lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọn kò tíì jẹ mínísítà rí. Wọ́n ti ń retí tipẹ́. Olórí agbo tí kò bá rí àyè fún wọn, ọwọ́ rẹ̀ lórí àwọn ọmọ agbo á rọ̀.

Ìpín tó jáde lọ́jọ́ kẹwàá fi èyí hàn kedere: agbo Abe 4, Aso 4, Motegi 3, Kishida 3, Nikai 2, àwọn tí kò sí lágbo kankan 2, ẹgbẹ́ Komeito tí wọ́n jọ ń ṣèjọba nígbà náà 1. Mẹ́sàn-án nínú gbogbo wọn ni kò jẹ mínísítà rí. Àtúntò tó yẹ kó fọ ilé mọ́ tún ní láti pín àga, àwọn méjèèjì sì ń fa ara wọn. Ẹni tí ìmọ́tótó jẹ lógún á kọ́kọ́ béèrè ohun tí ènìyàn ti ṣe. Ọ̀rọ̀ àga ní tirẹ̀ kò kọjá iye ọdún tí ènìyàn ti fi ń dúró.

Ọjọ́ tí wọ́n mú

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ènìyàn ń fojú sí, nítorí opin oṣù yẹn ni sáà ọlọ́dún kan àwọn aṣáájú LDP máa parí. Ilé aṣòfin ṣe ìpàdé kúkúrú láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, wọ́n sì túká. Bí wọ́n ṣe ń túká ni ìròyìn gbòde pé ọjọ́ 10 ni. Ìrántí àdó olóró Hiroshima bọ́ sí ọjọ́ 6, ti Nagasaki bọ́ sí ọjọ́ 9, olórí ìjọba sì gbọ́dọ̀ dé ibi méjèèjì. Ó ku ọjọ́ mélòó fún àyẹ̀wò?

Àyẹ̀wò yìí, tí àwọn òṣèlú Japan ń pè ní àyẹ̀wò ara, kò sí nínú òfin. Àwọn ènìyàn díẹ̀ tó yí olórí ìjọba ká ló ń ṣe é, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń kó ìròyìn jọ fún ìgbìmọ̀ mínísítà. Wọ́n á wo ìwé ìṣírò owó òṣèlú ẹni náà, owó orí, ilẹ̀ àti ilé, ìpín nínú ilé iṣẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ tó ti sọ síta, àti ohun tí àwọn ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ti kọ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ni, ó sì ń gba àkókò. Lọ́jọ́ tí ọjọ́ àtúntò bá ti di mímọ̀, àwọn olórí agbo á bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù, ohun tó yẹ kó jẹ́ ìwádìí á wá di ìdúnàádúrà.

Lórí ọ̀rọ̀ ìjọ Unification, wọ́n gba ọ̀nà tó tún rọrùn jù. Kishida sọ ní Hiroshima lọ́jọ́ 6 pé kí oníkálukú yẹ àjọṣe ara rẹ̀ pẹ̀lú ìjọ náà wò, kí ó sì tún un ṣe dáadáa, pé ìyẹn ni àdéhùn kí òun tó yàn án. Ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó so mọ́ ìjọ náà tún pọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ tó dà bí ti àjọ àlàáfíà tàbí ti ìdílé, débi pé ènìyàn lè fi òótọ́ inú sọ pé òun kò mọ̀ wọ́n. Èyí tó burú jù ni pé bóyá o máa já àjọṣe náà ni ìbéèrè dá lé, kì í ṣe ọjọ́ wo lo lọ, ta ló pè ọ́, èló lo san tàbí gbà. Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ṣe é fi wé fọ́tò tó bá jáde lọ́la.

Ọjọ́ àtúntò

Ètò ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń rí. Ní òwúrọ̀, LDP kọ́kọ́ fọwọ́ sí àwọn aṣáájú tuntun. Toshimitsu Motegi dúró gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́, Taro Aso dúró gẹ́gẹ́ bí igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́, Koichi Hagiuda kúrò nípò mínísítà ìṣòwò, ó di olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìlànà ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn mínísítà tó wà nílẹ̀ jókòó fún ìgbà ìkẹyìn, tí wọ́n kó ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ wọn jọ. Olórí ìjọba bá olórí Komeito sọ̀rọ̀, wọ́n wá ń pe àwọn tuntun wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan sí ọ́fíìsì rẹ̀, tí oníkálukú ń gba ìwé tó to iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Akọ̀wé àgbà ìgbìmọ̀ ka orúkọ wọn sí àwọn oníròyìn létí. Wọ́n lọ sí ààfin fún ìjẹ́rìí, wọ́n padà wá jókòó ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n sì ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sípò kan náà kì í tún lọ fún ìjẹ́rìí. Ẹ kíyè sí ìyẹn: kò sí ibì kankan nínú ètò ọjọ́ náà tí ẹni tó dúró ti ń kọjá níwájú ẹnikẹ́ni.

Yiyan àwọn àgbà sí ibi tó le jẹ́ ọgbọ́n. Yasukazu Hamada, tó ti ṣe mínísítà ètò ààbò láyé Aso, padà síbẹ̀. Katsunobu Kato padà sí ètò ìlera. Yoshimasa Hayashi dúró ní ilẹ̀ òkèèrè, Shunichi Suzuki dúró ní ètò ìsúná. Kò sí èyí tó fọ́ nínú ibi mẹ́rin wọ̀nyí títí ọdún fi parí.

Méje nínú àwọn mínísítà tó lọ ti jẹ́wọ́ àjọṣe pẹ̀lú ìjọ náà, èyí sì ni ohun tí ọ́fíìsì olórí ìjọba fẹ́ kí aráàlú rí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn tuntun àtàwọn tó dúró náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́, wọn kò sì dín ní méje. Daishiro Yamagiwa, mínísítà ètò ọrọ̀ ajé, wà lára àwọn márùn-ún tó dúró. Ìgbà tí wọ́n ti fi dá a lójú pé kò lọ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu pé òun náà ti bá wọn ṣe pọ̀. Kishi ní tirẹ̀ di olùdámọ̀ràn olórí ìjọba. Hagiuda gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ẹgbẹ́: kí oṣù tó parí, ìròyìn jáde pé ó ti mú olùdíje kan lọ sí ilé kan tó so mọ́ ìjọ náà kí ìdìbò oṣù keje tó wáyé.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn àtúntò náà ni wọ́n yan igbákejì mínísítà àti akọ̀wé aṣòfin, 54 lápapọ̀. Agbo ló máa ń pín ìwọ̀nyí jù, àyẹ̀wò wọn sì fúyẹ́ jù. Mio Sugita, tí àwọn ọ̀rọ̀ tó ti sọ sí àwọn ènìyàn kan ti fa ìbínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọlé gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé aṣòfin nílé iṣẹ́ ètò abẹ́lé. Kò sí ohun tó pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wà ní gbangba.

Bí aráàlú ṣe gbà á

Ní ọjọ́ 10 àti 11, Kyodo àti ìwé ìròyìn Yomiuri ṣe ìwádìí èrò. Kyodo ní ìdá 54.1 fọwọ́ sí ìjọba, pé ó gòkè. Yomiuri ní ìdá 51, pé ó já láti 57. Àwọn kan rò pé ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ kíkà ló yàtọ̀. Kyodo ń wo òpin oṣù keje, nígbà tí iye rẹ̀ ti wálẹ̀ tán. Yomiuri ń wo ìwádìí tó ṣe láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àtúntò ṣiṣẹ́, kó má wo ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ rárá. Ní ọjọ́ 20 àti 21, ìwé ìròyìn Mainichi rí ìdá 36, tó fi 16 dín sí ti oṣù keje.

Ìparí oṣù náà ni Kishida bẹ aráàlú gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ẹgbẹ́, ó sì ní LDP máa já gbogbo okùn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ gbé àbájáde ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin wọn jáde: 179 nínú 379 ti ní ìbáṣepọ̀ kan tàbí òmíràn pẹ̀lú ìjọ náà, wọ́n sì dárúkọ 121. Ìbéèrè tó ní ọjọ́, ètò àti owó nínú ni. Oṣù kan ṣáájú ló yẹ kí wọ́n béèrè é. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tó jáde lọ́jọ́ 10 ì bá yàtọ̀.

Àwọn mẹ́rin tó lọ

Ilé aṣòfin jókòó ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá. Yamagiwa ló kọ́kọ́ dojú kọ ìbéèrè. Fọ́tò ń jáde, ó ń sọ pé òun kò rántí, ẹ̀rí mìíràn á tún jáde, á wá gbà. Fọ́tò kan fi òun àti olórí ìjọ náà hàn pa pọ̀. Ó lọ ní ọjọ́ 24, ọjọ́ díẹ̀ kí ìjọba tó gbé ètò ọrọ̀ ajé ńlá tó wà lábẹ́ àkóso rẹ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ wọn lórí àrùn kòrónà, èyí tó mú kí àwọn tó ti fẹ́ gbàgbé rẹ̀ tún máa pe orúkọ rẹ̀.

Ti Yasuhiro Hanashi, mínísítà ìdájọ́, yàtọ̀. Níbi àpèjẹ òṣèlú kan ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá, ó fi iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, pé ipò tí kò gbajúmọ̀ ni, pé ìgbà tí òun bá fi òǹtẹ̀ lu ìwé ìdájọ́ ikú nìkan ni òun ń jáde nínú ìròyìn. Kishida kọ́kọ́ dáàbò bò ó. Ní ọjọ́ 11, ó yí ọkàn padà, ó sì sún ìrìn àjò rẹ̀ sí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà síwájú títí di òru kó lè yanjú rẹ̀. Bó ṣe padà dé láti òkèèrè, ní ọjọ́ 20, Minoru Terada, mínísítà ètò abẹ́lé, lọ: ìwé ìṣírò owó ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní orúkọ òkú gẹ́gẹ́ bí akápò. Ilé iṣẹ́ tí Terada ń darí ló sì ń mójú tó òfin owó òṣèlú. Kenya Akiba ti ètò àtúnkọ́ ìlú tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, lórí owó òṣèlú àti ìjọ náà. Sugita lọ lọ́jọ́ yẹn kan náà.

Ẹ wo àwọn mẹ́rin yìí dáadáa. Hanashi, Terada àti Akiba kò jẹ mínísítà rí kí oṣù kẹjọ tó dé, Yamagiwa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Méjì nínú wọn, Hanashi àti Terada, wá láti agbo Kishida gan-an, nítorí náà kò lè sọ pé agbo ẹlòmíràn ló gbé wọn fún òun. Àwọn wo ló wá rọ́pò wọn? Shigeyuki Goto, tó ti ṣe mínísítà ìlera. Ken Saito, tó ti ṣe ti ètò ọ̀gbìn. Takeaki Matsumoto, tó ti ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè lábẹ́ ìjọba ẹgbẹ́ mìíràn ní ọdún 2011. Hiromichi Watanabe, tó ti ṣe ti ètò àtúnkọ́ yẹn kan náà rí. Gbogbo wọn ni wọ́n ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, tí àwọn oníròyìn sì ti tú tán. Nígbà tí iná dé ẹ̀yìn ilé, ọ́fíìsì olórí ìjọba pa orúkọ àwọn tó ń dúró tì.

Ohun tí oníṣẹ́ lè mú lò

Bí ẹ bá ń ṣètò irú àtúntò báyìí, ẹ parí àyẹ̀wò kí ọjọ́ tó jáde. Nígbà tí ọjọ́ bá ti wà níta, kò sí àyè láti sọ pé ẹnì kan kò yege láìjẹ́ pé olórí agbo rẹ̀ gbà á sí ìjà. Ẹ béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, lórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó àti orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ tó so mọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹni náà fọwọ́ sí i. Àǹfààní ìwé yẹn kì í ṣe pé kò sí ẹni tó máa purọ́. Bí ẹ̀rí bá jáde lẹ́yìn, irọ́ orí ìwé náà á tó ìdí láti yọ ọ́ lọ́jọ́ kan, kò ní gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìjiyàn lórí ohun tó rántí àti ohun tí kò rántí. Ẹ fi ìbéèrè kan náà lọ àwọn tó dúró. Yamagiwa ló fi hàn pé ibẹ̀ ni odi ti lanu jù.

Wọ́n ṣe àtúntò mìíràn ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Mínísítà 13 yí padà, 11 nínú wọn kò jẹ mínísítà rí, obìnrin márùn-ún wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ariwo gbogbo sì wà lórí àwọn obìnrin náà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yan àwọn 54 ti ìsàlẹ̀, kò sì sí obìnrin kankan nínú wọn. Kí oṣù kọkànlá tó dé ìdajì, mẹ́ta nínú wọn ti lọ. Ẹnì kẹta ni igbákejì mínísítà ètò ìsúná, nílé iṣẹ́ tó ń mójú tó owó orí. Ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ àti ilé tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí owó orí tí kò san. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ní Japan lè san owó díẹ̀ láti kà.